TA NI YÓÒ GBẸNU SỌ FÚN ỌMỌ MẸ̀KÚNNÙ NÍWÁJÚ ADÁJỌ́?

Ọ̀rọ̀ títì tó bàjẹ́ àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí a máa ń bá yín sọ lójú ìwé yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ àwọn ènìyàn wa run ní kọ̀rọ̀, tí òṣèlú kankan kì í kọ sára pátákó ìpolongo. Bí wọ́n bá gbé ọmọ yín lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn, ẹnu ta ni yóò fi sọ̀rọ̀?

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù mọ ohun tí a ń wí. Ìdájí kùtùkùtù ni ìyá ọlọ́mọ máa ń kan ilẹ̀kùn: "Ẹ gbà mí o, wọ́n ti kó ọmọ mi. Ẹ bá mi débẹ̀, ẹ bá mi bá adájọ́ sọ̀rọ̀." Ìyá náà rò pé ẹni tó lè gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé òṣèlú lè sọ̀rọ̀ ní kóòtù pẹ̀lú. A kò lè bá a wí. Láti ayébáyé, níwájú baálé, níwájú baálẹ̀, ẹbí ní í gbẹnu sọ fún ẹbí láàárín àwa Yorùbá. Àgbà kan á dìde, á ní "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ wa ni, ẹ fà á lé wa lọ́wọ́," ọ̀rọ̀ á sì rọ̀. Kóòtù ìjọba kò mọ ìyẹn. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá dìde níbẹ̀ pé òun fẹ́ gbẹnu sọ fún ẹnì kan, wọ́n á ní kó jókòó. Bó bá tún ṣagídí, òun náà lè di ẹlẹ́jọ́.

Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, ẹsẹ kẹfà, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí lọ́yà tó wu òun fúnra rẹ̀ gbèjà rẹ̀. Ẹnu méjì péré nìyẹn: ẹnu tìrẹ, tàbí ẹnu lọ́yà rẹ. Kò sí ẹnu kẹta. Pásítọ̀ kò lè bá ọ rò ó, àlùfáà kò lè bá ọ rò ó, bàbá tó bí ọ lọ́mọ kò lè bá ọ rò ó, bí kò bá ṣe pé òun náà jẹ́ lọ́yà. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí, tàbí kí wọ́n dúró béèlì, tàbí kí wọ́n wá lọ́yà.

Ta wá ni lọ́yà? Kì í ṣe ẹni tó wọ kóòtù dúdú tó sì so nǹkan funfun mọ́rùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni. Òfin àwọn lọ́yà ti ọdún 1975 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí wọ́n ń fà yín láṣọ pé "Màmá, ẹ mú owó wá, mo mọ májísíréètì yẹn dáadáa", ẹ bi wọ́n ní orúkọ, ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì, ẹ ní kí wọ́n já ìwé owó fún yín. Ojúlówó lọ́yà kò ní bínú sí ìyẹn. Oníjìbìtì ni yóò sọ pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò.

Àyè kan wà ṣá o, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í fẹ́ ká mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, ní àgọ́ ọlọ́pàá, abala 35, ẹsẹ kejì nínú òfin ìpìlẹ̀ yìí kan náà ní ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi fọ̀rọ̀ lọ lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá wù ú. Ẹ tún un kà: tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá wù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ìyẹn. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọlọ́pàá tó bá ń lé àwọn ẹbí kúrò lẹ́nu káńtà pé "kò sẹ́ni tó lè rí i, à ń ṣèwádìí lọ́wọ́", òfin ló ń lé kúrò níbẹ̀.

Ní Èkó tiwa yìí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007, tí wọ́n tún ṣe ní 2011, sọ ní abala 9 pé bí ẹni tí wọ́n mú bá fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fídíò. Bí kò bá sí ẹ̀rọ fídíò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ alátakò ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ní torí ìyẹn pe funfun ní dúdú. Òfin náà dára. Ohun tí à ń bi àwọn tó wà lórí àga ni pé, àgọ́ ọlọ́pàá mélòó ní Kòsọ́fẹ́ ló ní ẹ̀rọ fídíò náà? Níbi tí kò bá sí, lọ́yà wo ni wọ́n ń pè?

Ẹ tún wo kóòtù alágbèéká, èyí tí wọ́n ń lò fún àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, fún àwọn tó sọdá òpópónà márosẹ̀ láìgba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀, àti fún àwọn onídánfó. Wọ́n á mú ènìyàn láàárọ̀, oòrùn kò tíì mú tó fi dé iwájú májísíréètì. "O jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Obìnrin alátà tó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún aládùúgbò, tí tòmátò rẹ̀ ń rà nínú oòrùn ní Máìlì 12, kí lẹ rò pé yóò sọ? "Mo jẹ̀bi sà, ẹ ṣàánú mi." Kò rí lọ́yà, kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i létí gan-an lè má yé e. Ó san owó ìtanràn, ó sáré padà sídìí ọjà. Kò mọ̀ pé òun ti gbà lẹ́nu ara òun pé arúfin ni òun. Bẹ́ẹ̀ òfin ìpìlẹ̀ sọ pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún un ní èdè tó yé e, kí wọ́n fún un ní àkókò tó tó láti múra ẹjọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pèsè ògbufọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò síbi tí abala 36 ti sọ pé àyàfi kóòtù alágbèéká.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọjá sí ọwọ́ kejì kóòtù. Ta ní ń gbẹnu sọ fún ìjọba?

Ní kóòtù gíga, lọ́yà ìjọba láti ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ ni. Ní kóòtù májísíréètì ńkọ́? Láti ayé òyìnbó ni ọlọ́pàá ti ń dìde níbẹ̀ tó ń ro ẹjọ́, inspẹ́kítọ̀ tí kò jókòó ní kíláàsì òfin lọ́jọ́ kan rí. Òfin Ọlọ́pàá àtijọ́, ní abala 23, gbà á láyè. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó fi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ àwọn lọ́yà ní Àbújá àti ní àwọn kóòtù àpapọ̀. Nígbà tó di 2020, Òfin Ọlọ́pàá tuntun dé. Abala 66 rẹ̀ ní ọlọ́pàá tó jẹ́ lọ́yà lè ro ẹjọ́ ní kóòtù èyíkéyìí, ṣùgbọ́n èyí tí kì í ṣe lọ́yà kò lè ro ju ẹjọ́ tí òfin ibẹ̀ bá gbà fún irú rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò tíì tì pátápátá nìyẹn.

Ẹlòmíràn á ní, bí inspẹ́kítọ̀ kò bá mọ òfin, ṣé kì í ṣe àǹfààní fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ ni? Rárá o. Inspẹ́kítọ̀ yẹn ní fáìlì lọ́wọ́, ó mọ akọ̀wé kóòtù, ojoojúmọ́ ló ń débẹ̀, ìjọba ló sì ń sanwó rẹ̀. Ẹni tó dúró sínú àpótí olùjẹ́jọ́ ti sun sẹ́ẹ̀lì, kò wẹ̀, kò jẹun. Bí ẹni méjèèjì kò bá mọ òfin, ẹni tó ní agbára ni yóò borí. Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Májísíréètì lè má fẹ́ ṣìkà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnìkan náà ló ń dé etí rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú abala 66 yìí tí a fẹ́ kí gbogbo ilé ní Gbàgádà mọ̀. Ó ní gbogbo dífíṣọ̀n ọlọ́pàá ni kí ọlọ́pàá kan tó jẹ́ lọ́yà wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀. Òfin ni, kì í ṣe ìlérí ìpolongo. Bí ẹ bá dé àgọ́ tó wà ládùúgbò yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ àti yàrá tó ń jókòó sí.

Ẹnì kan tún wà tí a kì í rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an. Wọ́n ja obìnrin kan lólè, wọ́n ṣá a ládàá. Ó rò pé ẹjọ́ òun ni wọ́n ń dá. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n kọ sí iwájú ìwé ẹ̀sùn, ẹlẹ́rìí lásán ni òun jẹ́ níbẹ̀. Bó bá tiẹ̀ tọrọ owó gba lọ́yà, lọ́yà náà á jókòó síbẹ̀ máa wòran ni. "Watching brief" ni wọ́n ń pè é: ó ń wo ẹjọ́ fún oníbàárà rẹ̀, kò lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Kí lọ́yà aládàáni tó lè ro ẹjọ́ ọ̀daràn fún ìjọba, Agbẹjọ́rò Àgbà gbọ́dọ̀ fún un níwèé àṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní fíátì. Agbẹjọ́rò Àgbà yìí náà ni abala 211 fún lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, láti gba ẹjọ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti láti pa ẹjọ́ tì kí ìdájọ́ tó wáyé. Gómìnà ló sì ń yàn án. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ ìbò ni?

Ẹni tó bá ń gba Ọ̀jọ́ta kọjá ń rí ère Gani Fawehinmi nínú gbàgede tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò níbẹ̀, ó dára. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀kan nínú ohun tó ṣe fún wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù October 1986, bọ́ǹbù inú ìwé pa Dele Giwa, oníwèé ìròyìn, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Gani kó ẹ̀rí lọ bá ọ́fíìsì ìjọba Èkó pé kí wọ́n pe ọ̀gá ológun méjì lẹ́jọ́. Bí wọn kò bá ní pè wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò ṣe, kí òun fúnra òun lè pè wọ́n. Kóòtù gíga kò gbà fún un. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn náà kò gbà fún un. Ní oṣù December 1987, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó kàn án. Wọ́n ní nínú ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, olúkúlùkù ni olùṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Títí di òní, kóòtù kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú Dele Giwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ lọ́jọ́ náà kò parẹ́: ẹnu mẹ̀kúnnù wọ ọ̀ràn náà. Abẹ́ ìjọba ológun ni Gani ti ṣe èyí o.

Àwọn kan ń sọ pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ọ̀rọ̀ lọ́yà. Kí wọ́n lọ bi ọdún 1962. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Olórí Ẹgbẹ́ Alátakò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nígbà náà. Ìjọba fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án. Ó yan lọ́yà àgbà kan láti London, E.F.N. Gratiaen, ọmọ ilẹ̀ Ceylon, ẹni tó ti ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ lọ́hùn-ún rí. Ìjọba kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà. Awólọ́wọ̀ pe Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, Usman Sarki, lẹ́jọ́, ó ní òfin ìpìlẹ̀ ní kí n yan ẹni tó wù mí. Adájọ́ Udo Udoma ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó lè wọ Nàìjíríà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ni òfin ń sọ.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ìjọba tó ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ ló tún ń pinnu ẹni tó lè wọlé wá gbèjà rẹ̀. Ní 1963 wọ́n tún ṣe é. Wọ́n mú Anthony Enahoro wá láti London. Dingle Foot, lọ́yà àgbà tó tún jẹ́ aṣòfin lọ́hùn-ún, ló fẹ́ kó gbèjà òun. Ìjọba kò jẹ́ kí òun náà wọlé. Ní oṣù September 1963, Adájọ́ Sówẹ̀mímọ́ rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì rán Enahoro lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A kò sọ pé bí Gratiaen bá wọlé ẹjọ́ á yàtọ̀, a kì í ṣe aríran. Ohun tí à ń sọ ni pé bí wọ́n bá lè ṣe é fún Awólọ́wọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ lọ́yà, kí ni ti ọmọ vulcanizer ní Pedro?

Wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Lugard ṣe òfin àwọn kóòtù ìgbèríko ní 1914, kò gba lọ́yà láyè níbẹ̀ rárá. Òyìnbó àjẹ́lẹ̀ ló ń mú ènìyàn, òun náà ló ń dájọ́, ẹni tó ń jẹ́jọ́ kò sì gbọdọ̀ ní lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi lò ó, títí wọ́n fi tún kóòtù tò ní 1933. Ìjọba tó bá bẹ̀rù ènìyàn, lọ́yà ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rù.

Lónìí, wọn kì í lé lọ́yà padà ní pápákọ̀ òfurufú mọ́. Owó ló ń lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Legal Aid Council. Òfin rẹ̀ ti 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jùlọ lọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù náà. Ẹni tó bá fi díẹ̀ jù ú lọ, wọ́n lè ní kó mú nǹkan wá sí i. Kọndọ́kítọ̀ tó ń gba ₦80,000, tó ń san owó ilé ní Gbàgádà, ti di olówó nìyẹn, àbí? Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2000, Office of the Public Defender, láti máa gbèjà aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn lọ́yà tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ lè yọrí sí ikú, kóòtù kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láìsí lọ́yà. Bí kò bá ní, kóòtù á yan ọ̀kan fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní ó jí fóònù, tó lè fi oṣù mẹ́fà jókòó sí Kírikírì tàbí Ìkòyí kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀, òun nìkan ni yóò dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣe yẹ̀yẹ́ á ní Kò-sí-ọ̀fẹ́.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ sí wa: "Àwọn wọ̀nyí fẹ́ gba ọlọ́ṣà sílẹ̀." Òfin ìpìlẹ̀ ní aláìṣẹ̀ ni ènìyàn títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n bá sì fi ẹni tí kò jalè sẹ́wọ̀n nítorí pé kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀, ọlọ́ṣà gan-an ń bẹ ní Ọ̀wọ́rọ̀, ó ń fi ọwọ́ lalẹ̀ de alẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kò ju agbára ìpínlẹ̀ lọ. Kí lọ́yà Public Defender kan máa wà ní kóòtù májísíréètì Ògùdù ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó, kó máa rí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kí wọ́n tó bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ̀bi. Kí ọ̀kan máa bá kóòtù alágbèéká rìn. Bí kò bá sí i, kí kóòtù náà má jókòó. Kí wọ́n lẹ ẹ̀tọ́ tó wà ní abala 35 àti 36 mọ́ ara ògiri gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ní Yorùbá, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Haúsá pẹ̀lú nítorí àwọn ará wa tó ń ta àlùbọ́sà ní Máìlì 12. Kí lọ́yà máa ro ẹjọ́ ọ̀daràn fún ìjọba ní kóòtù májísíréètì pẹ̀lú; kí inspẹ́kítọ̀ padà sídìí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n gbà á fún. Bí olùdíje ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í ní ìkọ̀ọ̀kan. Bí tiwa bá kàn án, ẹ bi òun náà, ẹ sì ní kó dáhùn níṣojú àwọn aládùúgbò.

Kí ìbò tó dé, ẹni tí wọ́n bá mú ọmọ rẹ̀, kó kọ orúkọ àgọ́ náà sílẹ̀, kó kọ orúkọ ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí, kó kọ aago tí wọ́n mú un. Bí ọmọ náà bá lè gbọ́ ọ, ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e. Ẹni tí ìwé ẹ̀sùn bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, kó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Àwọn lọ́yà wà nínú ẹgbẹ́ wa tí yóò kà á fún un ní Yorùbá, tí yóò sì júwe ọ̀nà Public Defender fún un. A kì í gba owó, a kì í sì í béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.